Ládàánì Inú Fóònù: Áàpù Àkókò Ìrun àti Ààwẹ̀ Wa

Bismillaahi Rahmaani Rahiim.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó dá oòrùn àti òṣùpá, tó sì fi ìrìn wọn ṣe òǹkà ọjọ́ fún wa. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad (SAW), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

   

Ọ̀rọ̀ ohun tó wà lápò wa la fẹ́ sọ lónìí. Fóònù ni. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ eré àti àwòrán tí wọ́n ń wò lórí rẹ̀, àwọn alùfáà tó ti jókòó síbí ṣáájú mi ti sọ ìyẹn títí. Áàpù tó ń sọ àkókò ìrun, tó ń pe ìrun, tó sì ń fi Kíbúlà hàn ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ wa fi ń gba ààwẹ̀ báyìí, òun náà la sì fi ń ṣínu.

Ní ilé tó pọ̀ lónìí, ọ̀nà mẹ́ta ni ìpè ìrun ń gbà wọlé. Ládàánì mọ́sálásí á pè, rédíò á pè, fóònù náà á tún pè. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pè pọ̀, kò sí wàhálà. Ìgbà tí fóònù ọmọ bá ti pe Màgàríbà, tí ọmọ ti ju dàbínù sẹ́nu, tí bàbá ṣì jókòó tó ń wojú ọ̀run, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bàbá á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ní kóo ṣínu?" Ọmọ á ní, "Bàbá, áàpù ló pè." Ìyá á yọ fóònù tiẹ̀ látẹ̀gbẹ́ àdògán, á ní tòun ò tíì pè. Fóònù méjì, ilé kan, oòrùn kan, àkókò méjì! Èwo ni ká tẹ̀lé?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá ń bà mí lẹ́rù ni pé ládàánì fúnra rẹ̀, ní mọ́sálásí púpọ̀, fóònù ló ń wò kó tó di máíkì mú. Bí fóònù tirẹ̀ bá ṣìnà, kì í ṣe òun nìkan ni yóò ṣínu láìtó àkókò. Gbogbo àdúgbò tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn yẹn dé ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí àwọn ládàánì ayé Ànábì (SAW). Ó wà nínú hádíìsì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé méjì ni wọ́n ní Mẹ̀dínà nínú oṣù ààwẹ̀. Bílàlì máa ń pè nígbà tí òru ṣì wà, Ànábì sì ní kí àwọn èèyàn máa jẹ, kí wọ́n máa mu, títí Ibn Ummi Maktum yóò fi pè. Afọ́jú ni Ibn Ummi Maktum, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. Kò rí ojú ọ̀run. Kò sì ní í pè àfi bí àwọn èèyàn bá sọ fún un pé, ilẹ̀ ti mọ́ o, ilẹ̀ ti mọ́. Ìpè rẹ̀ sì dára, ó tọ̀nà, nítorí pé ẹni tó lójú, tó sì ṣeé gbọ́kàn lé, ló sọ fún un.

Fóònù náà ò rí ojú ọ̀run o. Mo fẹ́ kí èyí yé wa dáadáa. Kò sí ohun kankan nínú áàpù yẹn tó ń wo oòrùn. Ìṣirò ló ń ṣe. Ó ń bèèrè pé: ibo lo wà? Ọjọ́ wo la wà? Ìlànà àwọn onímọ̀ wo lo ń tẹ̀lé? Ohun tó bá gbà gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn ni yóò fi ṣírò, ohun tó bá ṣírò ni yóò pè. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn tó ń sọ fún Ibn Ummi Maktum dúró níta, wọ́n ń wo ọ̀run. Ta ló sọ fún fóònù tìrẹ? Ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀. A gbé e wálé látọ̀dọ̀ ẹni tó tà á fún wa, a ní kí ọmọ bá wa fi áàpù sí i, ó parí.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ibi téèyàn wà, nítorí òun ló ń da ìṣínu rú jù. Ayé ń yí po lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí 24, dígírì 360 sì ni àwọn onímọ̀ pín òbìrí rẹ̀ sí. Ẹni tó bá mọ ìṣirò á rí i pé dígírì 15 ló bọ́ sí wákàtí 1, ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú 4 ni oòrùn fi ń kọjá lórí dígírì 1. Èkó wà ní dígírì 3 àti díẹ̀ ní ìhà ìlà oòrùn. Àbújá wà ní bíi 7 àti ààbọ̀, Kánò ní 8 àti ààbọ̀, Màídúgùrí lé díẹ̀ ní 13. Aago kan náà ni gbogbo wa ń wò ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n oòrùn kì í wo aago. Nígbà tí oòrùn bá ti wọ̀ tán ní Màídúgùrí, ó lè ku bíi ìṣẹ́jú 39 kó tó wọ̀ ní Èkó.

Ẹ wá wo oníṣòwò tó lọ ra ẹ̀wà lọ́jà Dawanau ní Kánò. Ó ṣí áàpù níbẹ̀, fóònù mú Kánò. Lọ́nà, kí bátìrì má baà tán, ó pa location. Ó dé Mushin lọ́jọ́ kejì, location ṣì wà ní pípa, áàpù ṣì gbà pé Kánò ló wà. Ní ìrọ̀lẹ́, fóònù pe Màgàríbà. Bíi ìṣẹ́jú 20 ló ṣì kù kí oòrùn Èkó wọ̀! Ó fi omi tútù ṣínu ní ojúmọmọ, òùngbẹ gbogbo ọjọ́ sì di òfo. Ohun kan náà ni ti àwọn tó ń gbé ní Èkó tí wọ́n ń fi ìpè orí tẹlifíṣọ̀n láti Àbújá ṣínu. Bíi ìṣẹ́jú 16 ni wọ́n fi yá ju oòrùn lọ. Kódà nílẹ̀ Yorùbá níbí, Àkúrẹ́ àti Ṣakí ò dọ́gba, ìṣẹ́jú 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló lè wà láàárín wọn. Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń gbọ́ wa láti ìlú mìíràn, ìpè tiwa yìí náà, ẹ fi ojú ìlú yín wò ó kẹ́ẹ tó bu omi mu.

Níbi aago yìí, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Àwọn kan máa ń kọ lẹ́tà sí wa pé kí ló dé tí Àìlá kì í wọlé ní aago 12 tí ọ̀sán pọ́n. Aago Nàìjíríà, aago ìlà dígírì 15 ni, ìlà yẹn ò sì kan ilẹ̀ Nàìjíríà rárá, ó kọjá sí òdì-kejì ẹnubodè wa ní ìlà oòrùn. Nítorí náà, ní Èkó, oòrùn kì í dé àárín gbùngbùn ọ̀run títí di nǹkan bíi 12:30 nínú oṣù November, ó sì lè pẹ́ tó aago 1:00 nínú February. Lẹ́yìn ìgbà tó bá yẹ̀ kúrò láàárín ni Àìlá tó wọlé. Ẹni tó bá ń kí Àìlá ní aago 12:10 ní Èkó, kó tún un kí.

Ohun tó dára nípa Màgàríbà ni pé àríyànjiyàn ò sí níbẹ̀. Oòrùn wọ̀, ó wọ̀ nìyẹn. Nítorí náà, bí fóònù méjì bá wà nínú ilé kan, tí Màgàríbà wọn sì fi ju ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 yàtọ̀ síra, ẹ má wulẹ̀ jiyàn lórí mádíhábà. Ọ̀kan nínú wọn gbà pé ìlú mìíràn lòun wà ni, tàbí aago rẹ̀ ò tọ̀nà. Ẹ ṣí i, ẹ wo orúkọ ìlú tó kọ sókè. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ wa tó ń ti London bọ̀ wá kí wa máa ń gbàgbé èyí.

Ti Àsùbáà yàtọ̀. Ọlọ́hun fi yé wa nínú Àlùkùránì Alápọ̀nlé, nínú Súrátúl Bákárà, pé ká máa jẹ ká máa mu títí a ó fi lè dá ìmọ́lẹ̀ àfẹ̀mọ́júmọ́ mọ̀ kúrò lára òkùnkùn òru, Ó sì fi fọ́nrán òwú funfun àti dúdú ṣe àpèjúwe rẹ̀. Ẹ ó rántí Adiyyu ọmọ Hatim. Nígbà tó gbọ́ ọ, ó mú òwú dúdú àti funfun gidi, ó fi wọ́n sábẹ́ ìrọ̀rí, ó ń wò wọ́n lóru bóyá òun á lè dá wọn mọ̀. Ànábì (SAW) ló wá là á yé e pé òkùnkùn òru àti ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Ojú ọ̀run ló yẹ kó wò, abẹ́ ìrọ̀rí ló ń wò. Àwa náà rèé o, abẹ́ ìrọ̀rí kan náà ni fóònù wa wà!

Ìmọ́lẹ̀ àfẹ̀mọ́júmọ́ yìí, oòrùn ò tíì yọ nígbà náà, ó ṣì wà nísàlẹ̀. Báwo ló ṣe jìnnà sísàlẹ̀ tó tí ìmọ́lẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ gbalaja lójú ọ̀run? Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ìlànà Muslim World League sọ pé dígírì 18. Ti ilẹ̀ Íjíbítì ní 19 àti ààbọ̀. Ti Umm al-Qura tí wọ́n ń lò ní Sáúdí Arébíà ní 18 àti ààbọ̀. Ti ISNA ní Àríwá Amẹ́ríkà ní 15. Ẹ rántí pé dígírì 1, ìṣẹ́jú 4. Láàárín ìlànà Íjíbítì àti ti Amẹ́ríkà, ó kéré tán, ìṣẹ́jú 18 ló wà níbẹ̀. Bí fóònù ìyá bá wà lórí ti Íjíbítì, tí ti ọmọ wà lórí ti Amẹ́ríkà, ìyá ti gbé ẹnu kúrò nídìí àwo, ọmọ ṣì ń bu ìrẹsì sáàrì. Àwọn méjèèjì wà nínú yàrá kan náà.

Èwo ni kẹ́ẹ wá lò? Ẹ béèrè lọ́wọ́ Lèmọ́mù yín èyí tí wọ́n fi ṣe kàlẹ́ńdà mọ́sálásí yín, kí gbogbo fóònù ilé sì wà lórí ẹyọ kan ṣoṣo yẹn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò bá balẹ̀, kó fi èyí tó yá jù dá sáàrì dúró, kó fi èyí tó pẹ́ jù kí Àsùbáà. Ìmọ̀ràn tèmi nìyẹn o, mi ò pè é ní fátíwà. Ẹ̀yin tẹ́ẹ wà lóko, tí iná mànàmáná ò bo ojú ọ̀run yín, ẹ tiẹ̀ ní àǹfààní tí àwa ará Èkó ò ní. Ẹ jáde lọ wo ìlà oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ tó kọ́kọ́ nà ṣóńṣó lọ sókè bí ìrù ìkookò kọ́ o. Èyí tó tẹ́ gbalaja sápá òsì àti ọ̀tún ni.

Ìlànà Umm al-Qura tún ní ohun kan tó ń da àwọn èèyàn láàmú. Kò fi dígírì wá Ìṣáì. Ìṣẹ́jú 90 lẹ́yìn Màgàríbà ló ń lò, ó sì ń sọ ọ́ di ìṣẹ́jú 120 nínú Ràmàdáánì, kí àwọn ará ibẹ̀ lè ráyè jẹun. Ẹni tó bá wà lórí ìlànà yìí ní Èkó, fóònù rẹ̀ á ní Ìṣáì di nǹkan bíi aago 9. Mọ́sálásí ti kí Ìṣáì tán nígbà yẹn, wọ́n ti wọ inú àṣámù. Òun á wá ní wọ́n kírun ṣáájú àkókò. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Aláásárì ńkọ́? Àwa tí à ń tẹ̀lé mádíhábà Màlíkì nílẹ̀ Yorùbá, nígbà tí òjìji nǹkan bá gùn tó nǹkan náà, yàtọ̀ sí òjìji tó ti ní ní ọ̀sán gangan, Aláásárì ti wọlé. Mádíhábà Hánáfì ní ó di ìgbà tó bá gùn tó ìlọ́po méjì. Bíi wákàtí 1 ni ìyẹn fi yàtọ̀ síra níbí. Bí ẹ bá rí Hanafi tí wọ́n fi àmì sí nínú Settings, ẹ tẹ èkejì.

Àwọn ará wa ní London ní ìṣòro tiwọn lọ́tọ̀. Láti ìparí May títí di nǹkan bí 20 July, oòrùn kì í lọ sísàlẹ̀ tó dígírì 18 níbẹ̀ rárá, òkùnkùn òru gidi kì í sí. Bí Ràmàdáánì ṣe bọ́ sínú June ní 2016 nìyẹn. Áàpù ní láti gba ìlànà mìíràn tí àwọn onímọ̀ ṣe fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ níbẹ̀, kó má fi kàlẹ́ńdà tilé ránṣẹ́ sí i.

Ó ku ohun tí áàpù ń gbà lọ́wọ́ wa. Ọ̀fẹ́ la ní ó jẹ́, ṣebí? Ẹ gbọ́. Láti mọ ibi tẹ́ẹ wà, fóònù ń gbọ́ ohùn àwọn sátẹ́láìtì tó wà lókè réré. Sátẹ́láìtì ò mọ̀ yín, kò mọ̀ pé ẹ wà níbì kankan. Òun ń sọ̀rọ̀ ni, fóònù yín ń gbọ́, ó ń fi ṣírò. Kò tiẹ̀ ná dátà kankan. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí fóònù bá ti mọ ibi tẹ́ẹ wà, áàpù lè fi íntánẹ́ẹ̀tì gbé e lọ fún ẹlòmíràn.

Kì í ṣe àròsọ. Ní November 2020, àwọn oníròyìn Motherboard ní Amẹ́ríkà gbé e jáde pé Muslim Pro, áàpù tí wọ́n ti gbà sórí fóònù ju mílíọ̀nù 98 lọ nígbà náà, ń fi ibi tí àwọn tó ń lò ó wà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ X-Mode, pé X-Mode sì ń ta irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ fún àwọn agbaṣẹ́ṣe, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ológun Amẹ́ríkà. Àwọn tó ni Muslim Pro ní àwọn ò tà á fún ológun, àmọ́ wọ́n kéde pé àwọn ti já okùn tó wà láàárín àwọn àti X-Mode. Ní January 2024, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbèjà oníbàárà, FTC, pàṣẹ pé ilé-iṣẹ́ X-Mode, tó ti yí orúkọ padà sí Outlogic, kò gbọdọ̀ ta irú ìròyìn tó lè fi hàn pé èèyàn lọ sí ilé ìjọsìn tàbí ilé ìwòsàn mọ́.

Ẹni tó ń kírun lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, tí áàpù ń kọ ibi tó wà sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ẹ ronú sí ohun tí àlejò lè mọ̀ nípa rẹ̀: ibi tó ń sùn, mọ́sálásí rẹ̀, ilé àna rẹ̀, ìgbà tó lọ sí ìrìn-àjò. Àmáná ni ìròyìn ẹni. Mi ò ní kẹ́ẹ yọ áàpù kúrò. Ẹ wọ inú Settings, níbi location, kẹ́ẹ má fi í sí "gbogbo ìgbà". Ẹ fi í sí pé ìgbà tẹ́ẹ bá ṣí áàpù nìkan. Tàbí kẹ́ẹ pa á pátápátá, kẹ́ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ orúkọ ìlú yín sí i. Ọ̀pọ̀ áàpù ló gbà á, ìṣirò náà yóò sì jáde bó ṣe yẹ. Àmọ́ ẹ rántí oníṣòwò tó ń ti Kánò bọ̀. Ìgbàkigbà tẹ́ẹ bá wọ ìlú mìíràn, ẹ pààrọ̀ orúkọ ìlú náà.

Kíbúlà ló kù. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ká kọjú sí ìlà oòrùn. Ó súnmọ́ ọn, kò dé ibẹ̀ gan-an. Láti Èkó, bí a bá bẹ̀rẹ̀ kíkà láti àríwá, Kíbúlà wà ní bíi dígírì 63; láti Ìlọrin, bíi 65. Ìlà oòrùn gangan jẹ́ 90. Nítorí náà, láti ìlà oòrùn, a ní láti yà sí apá òsì, sí ìhà àríwá díẹ̀. Atọ́ka inú fóònù lè fi èyí hàn, ṣùgbọ́n ohun tó fi ń ṣiṣẹ́ ni agbára òòfà ilẹ̀, irin sì ń dà á láàmú. Ẹ má gbé e sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sálásí. Àwọn páálí fóònù tó ní òòfà láti fi pa ara wọn dé, ẹ yọ wọ́n ná. Kẹ́ẹ sì fi fóònù ya àwòrán nọ́ńbà 8 lójú òfuurufú lẹ́ẹ̀mẹta, ó máa ń tún un ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi fóònù wọ mọ́sálásí lọ dá ìjà sílẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ wa ní ìhà Kíbúlà ló pọn dandan fún ẹni tó jìnnà sí Mẹ́kà. Ẹni tó bá dá dúró wọ́gọwọ̀gọ láàárín sàfù nítorí pé atọ́ka fóònù ní kó yà, ó ń da ìrun àwọn ẹlòmíràn rú. Kó lọ bá Lèmọ́mù lẹ́yìn ìrun.

Tẹ́ẹ bá sì fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò láìlo fóònù, ọjọ́ méjì wà lọ́dún tí oòrùn máa ń dúró gangan lórí Káábà lọ́sàn-án. Ọ̀kan bọ́ sí 27 tàbí 28 May, ní aago 10:18 òwúrọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà. Èkejì bọ́ sí 15 tàbí 16 July, ní aago 10:27 òwúrọ̀. Bí òjò ò bá ṣú, ẹ so òkúta mọ́ okùn, kẹ́ẹ gbé e kọ́ níta kó dúró ṣánṣán, kẹ́ẹ wo òjìji okùn náà nílẹ̀. Ibi tí oòrùn wà ni Kíbúlà wà, òjìji á nà sí òdì-kejì. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí simẹ́ǹtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín. Bẹ́ẹ bá pàdánù ọjọ́ náà gan-an, ọjọ́ kan ṣáájú tàbí ọjọ́ kan lẹ́yìn rẹ̀, ní aago kan náà, kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Àkókò ti lọ, wọ́n ti ń ṣẹ́wọ́ sí mi látinú yàrá ẹ̀rọ. Lọ́la, ní àkókò kan náà, ọ̀rọ̀ sàká ìtúnu la ó sọ.